Ẹni Méjì Lórí Ìlà Kẹta

Omi tú sí Tinúadé lára láti orí dé ẹsẹ̀, síbẹ̀ kò ṣẹ́jú. Gèlè rẹ̀ wó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó tún sún mọ́ etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà sí i, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri tí àwọn ọmọ máa fọwọ́ kàn. Bí ọmọ tó wà ní ìlà kẹta ti fọwọ́ kan ògiri báyìí ló tẹ aago ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rántí nu ojú.

Andrew Ọlábímtán, tí òun náà di aago mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti fò sẹ́yìn nígbà tí omi ń bọ̀. Kò wo ògiri mọ́. Obìnrin náà ló ń wò.

"Kí ni aago tiyín sọ?" Tinúadé bi í.

Andrew wo aago rẹ̀. Ó ṣì ń sáré lọ.

"Ó ní kí n kí yín pé ẹ kú omi."

Tinúadé kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde. Andrew sì gbà nínú ara rẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé òun ti rí ohun tí òun kò wá wá sí Kàbà.

Bí ìdíje náà ṣe ń lọ nìyí. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn ọmọ á kóra jọ sí adágún ilé ìtura kan lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, Kóòṣì Simon á máa kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ìsánlú ní ẹgbẹ́ tiwọn, Lọ́kọ́ja ní tiwọn. Tó bá di Sátidé, ẹgbẹ́ kan á lọ bá èkejì lálejò. Àwọn òbí á na tapolín, wọ́n á gbé kúlà oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á fi báírò kọ nọ́ńbà ìje àti ìlà sí apá ọmọ kọ̀ọ̀kan kó má baà bọ́ sínú omi ẹlòmíràn. Àwọn kékeré ló ń kọ́kọ́ wẹ̀, àwọn àgbà á tẹ̀ lé wọn. Àwọn kan á fi àyà wẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, àwọn mìíràn á fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi, kí wọ́n máa wo ojú ọ̀run lọ. Ẹni tó bá ṣáájú á gba máàkì fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e á gba tirẹ̀.

Òbí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù. Bí òbí ò bá yọjú, kò sí ìdíje. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì ló ń di aago mú, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ojúsàájú. Bí obìnrin ará Kàbà àti ọkùnrin ará Ìsánlú ṣe dúró pa pọ̀ lórí ìlà kẹta nìyẹn.

Télọ̀ ni Tinúadé. Òun ló ń rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kàbà, nítorí kò sí èyí tó dára lọ́jà. Ọkọ rẹ̀, Moses, ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àìsàn kíndìnrín ló pa á. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Ìdùnnúolúwa, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lásìkò ìdíje yìí, tí ó máa ń fi ẹ̀yìn wẹ̀ bí ẹni pé orí ibùsùn ló wà.

Andrew ní tirẹ̀ ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìyàgbà. Kajú kì í so nígbà òjò, ọwọ́ rẹ̀ a máa dilẹ̀ lásìkò náà, ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi ní kó máa mú ọmọ òun, Kọ́lá, lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́. Ó ti lé lógójì ọdún, kò tíì gbéyàwó. Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun, kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn Sátidé náà, Andrew bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ ṣe ní Kàbà. Ó gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù Tinúadé pé kó bá òun rán káfútánì. Tinúadé wọ̀n ọ́n. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún padà wá pé àfi kó tún òun wọ̀n.

"Ṣé ẹ ti sanra ni?" Tinúadé bi í, ó fi téèpù ká àyà rẹ̀.

"Ọkàn ló wú."

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, n ò rí nọ́ńbà."

"Ẹ̀yin lẹ ò dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn téèpù lẹ ń wò."

Òótọ́ ni. Ó yára ká téèpù náà, ó ní kó lọ, ó ní òun ní yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé rẹpẹtẹ láti rán. Nígbà tí Andrew lọ tán, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láìtẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé tí wọ́n lọ sí Ìsánlú, àwọn méjèèjì jókòó sórí àpótí kan náà nígbà tí àwọn ọmọ ń sinmi. Tinúadé bu mọ́ínmọ́ín fún un.

"Tinú," Andrew pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní orúkọ láìfi màmá kankan ṣíwájú. "Tí mo bá ní kí n fẹ́ ẹ, kí lo máa sọ?"

"Màá sọ pé ọjọ́ ti lọ lórí mi. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ogójì ń bọ̀."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè ọjọ́ orí?"

"Màá sọ pé mo lọ́mọ."

"Mo ti rí i. Ó na Kọ́lá nínú omi láàárọ̀ yìí, ojú ṣì ń ti ọmọ náà."

Tinúadé rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. "Nígbà náà, màá sọ pé kí o jẹ́ kí n lọ bá àwọn ará ilé ọkọ mi sọ ọ́."

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti rí wọn lórí àpótí. Kí ọkọ̀ àwọn ará Kàbà tó délé, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wọn dé.

Boaz ni ẹ̀gbọ́n Moses. Àgbẹ̀ ni, ní Odo-Ape, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Nígbà tí Moses kú, òun ló ń gbé iṣu àti gàrí wá sílé opó àbúrò rẹ̀, òun ló sì ń gbé Ìdùnnú sọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀ débi pé nígbà mìíràn Boaz kì í lè wò ó lójú. Ó dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Tinúadé sì kúnlẹ̀ kí i.

"Okun o, bọ̀dá mi."

"Okun, ìyàwó wa." Kò jókòó. "Mo wá mú ọmọ lọ sóko fúngbà díẹ̀. Àgbàdo ti gbó."

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Tinúadé di aṣọ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá, ilé ìwé wọlé, Boaz kò dá ọmọ padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Odo-Ape nìyí, Tinúadé kò sì mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Boaz sun àgbàdo fún ọmọ náà, ó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká.

"Ìdùnnú, ṣé o fẹ́ kí ìyá rẹ lọ fẹ́ bàbá ará Ìsánlú yẹn?"

Ọmọ náà gbé àgbàdo sílẹ̀. "Mi ò fẹ́. Bàbá mi ni mo fẹ́."

Ó sunkún títí èémí rẹ̀ fi ń já. Boaz fà á mọ́ra. Ká má parọ́, inú òun náà kò dùn sí i pé ìyàwó àbúrò òun fẹ́ lọ sílé ọkùnrin mìíràn, ọ̀rọ̀ ọmọ náà wá bá èyí tó wà nínú rẹ̀ mu. Ó ní, "Má sọ fún ìyá rẹ pé o sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá sọ ọ́."

Nígbà tí Tinúadé kò lè fara dà á mọ́, ó gun ọ̀kadà lọ sí Odo-Ape. Ìdùnnú sáré wá dì mọ́ ọn. Boaz ní kí ọmọ wọlé.

"Ìyàwó wa, a ò dè ọ́ mọ́lẹ̀," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ni. Ṣùgbọ́n tí o bá lọ, ìwọ nìkan lo máa lọ. Ọmọ Moses kò ní kúrò lábẹ́ òrùlé Moses títí yóò fi parí girama."

"Bọ̀dá mi, kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ wá ń fi ọmọ tí mo bí dí mi lọ́nà?"

Tinúadé wo ojú ọ̀nà tó bá wá, ó wo ilẹ̀kùn tí ọmọ rẹ̀ gbà wọlé. Ó ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni títí ọmọ náà yóò fi parí girama. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbé ọmọ rẹ̀ sórí ọ̀kadà padà sí Kàbà, ìkórìíra tó ní sí Boaz sì bá a gun ọ̀kadà náà.

Ó ránṣẹ́ sí Andrew. Etí adágún ní wọ́n ti pàdé, ní ọ̀sán gangan. Àkókò ìlúwẹ̀ẹ́ ti parí, wọ́n ti fa omi gbẹ, ewé gbígbẹ ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Andrew gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kó tó lanu.

"Ìjọba ní àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ ní Lọ́kọ́ja. Jẹ́ ká lọ."

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, Andrew. Kóòtù lè fún mi lọ́mọ. Ṣé ó lè fún ọmọ náà ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ padà? Bàbá rẹ̀ ti lọ, ṣé kí n tún gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

"Nígbà náà, mo máa dúró."

"Má dúró!" Ó pariwo mọ́ ọn. "Ìyá rẹ fẹ́ gbé ọmọ rẹ jó. Lọ gbéyàwó. Má pe fóònù mi. Má wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tí o bá ń wá, mi ò ní lè pa ìlérí mọ́."

Andrew mú un lọ́wọ́. "Ṣé o ò ní fi iṣẹ́ aago sílẹ̀?"

Tinúadé fa ọwọ́ rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀. "Ọmọ mi ń wẹ̀. Ẹgbẹ́ nílò ènìyàn."

Báyìí ni ọdún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ọdún. Láti ìgbà tí ilé ìwé bá wọlé títí di ìsinmi gbọọrọ tó ń bọ̀, wọn kì í rí ara wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀. Tó bá di oṣù kẹjọ, wọ́n á pàdé lórí ìlà kẹta ní Sátidé tí Kàbà àti Ìsánlú bá ń figagbága. Wọ́n á kí ara wọn bí òbí ṣe ń kí òbí. Fèrè á dún, wọ́n á jọ tẹ aago. Ọmọ á fọwọ́ kan ògiri, wọ́n á tún jọ tẹ̀ ẹ́. Tinúadé á ka tirẹ̀, Andrew á ka tirẹ̀, akọ̀wé á gba èyí tó wà láàárín méjèèjì. Ohùn tó fi ń ka nọ́ńbà yìí nìkan ni Tinúadé ń gbọ́ lọ́dún kan.

Andrew wá ń wo bí ọmọ Tinúadé ṣe ń dàgbà. Ó kúrò láàárín àwọn kékeré, ó bọ́ sáàárín àwọn agbedeméjì, apá rẹ̀ gùn. Àwọn ìgbà kan wà tí Andrew wá ìbínú sí ọmọ náà nínú ara rẹ̀, nítorí òun ló dúró sáàárín. Kò rí i. Tí ọmọ náà bá ti ń bọ̀ wá síbi ògiri báyìí, àdúrà tí Andrew ń gbà lábẹ́lẹ̀ ni pé kó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ Ìsánlú ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ìyá Andrew kò sinmi. Ó bá a wá ọmọbìnrin kan ní Mopa, Miriam, olùkọ́. Andrew lọ síbẹ̀, ó sọ òtítọ́ fún un. Miriam gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò tàn mí." Ọdún yẹn náà ló fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá Andrew bú sẹ́kún nígbà tó gbọ́, kò sì bá ọmọ rẹ̀ jẹun fún ìgbà pípẹ́.

Ọdún tí kòrónà dé, kò sí ìdíje. Wọ́n ti adágún pa. Oṣù kẹjọ dé, ó lọ, Tinúadé kò rí Andrew. Ó ń rán ìbòjú títà, ó ń gbọ́ pé ènìyàn ń kú káàkiri, kò sì sí ẹni tó lè bi pé ṣé ọkùnrin kan báyìí ní Ìsánlú ṣì wà láàyè. Lẹ́ẹ̀kan ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ dé ibi tó kù ní ẹyọ kan, ó pa á rẹ́.

Nígbà tí ìdíje tún bẹ̀rẹ̀, ó rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ti rù. Irun funfun ti yọ sí i lágbárí. Kọ́lá, tó ti di géńdé, wá kí Tinúadé kí àwọn tó bọ́ sómi, Tinúadé sì bi í pé, "Kí ló ṣe bọ̀dá yín?"

"Màmá wọn ló kú, mà. Láti ọdún tó kọjá. A ò ju ìwọ̀nba lọ níbi ìsìnkú, wọn ò jẹ́ kí èrò wá."

Tinúadé padà sórí ìlà kẹta. Andrew dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn ọṣẹ ara rẹ̀ ń dé imú rẹ̀. Kò lè fọwọ́ kàn án níwájú gbogbo ayé. Kò lè sọ ju "Ẹ kú àìsí màmá" lọ, bí àjèjì ṣe ń sọ ọ́.

"A dúpẹ́," Andrew fèsì. Lẹ́yìn náà, ó rọra fi kún un pé, "Ó bèèrè rẹ. Títí dé òpin ló ń bèèrè pé ta ni obìnrin náà."

Fèrè dún. Tinúadé kò tẹ aago.

Ìdùnnú ló wà ní ìlà kẹta nínú ìje yẹn. Ó fi ẹ̀yìn wẹ̀ dé ògiri, ó fọwọ́ kàn án, ó yíjú sókè. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń sunkún láìdún, aago ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò ní òdo. Ó rí ọkùnrin ará Ìsánlú tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ohun gbogbo yé e nínú omi níbẹ̀. Ó rántí àká, ó rántí àgbàdo. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ìyá rẹ̀ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀rù á bà á, á ní ó di ọ̀la.

Ó di ọdún tó parí girama. Ìdíje ìkẹyìn rẹ̀ wáyé ní Kàbà. Ipò kejì ló gbà. Kò dúró gba aṣọ ìnura, omi ṣì ń kán lára rẹ̀ nígbà tó wá bá ìyá rẹ̀ àti Andrew níbi tí wọ́n ti ń kó aago sínú àpò.

"Mọ́mì, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Bàbá Odo-Ape bi mí nígbà yẹn. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ wọn. Èmi ni mo ní mi ò fẹ́." Ó nu omi kúrò lójú. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, Mọ́mì. Lẹ́yìn ìyẹn mo dàgbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún bi mí."

Àpò bọ́ lọ́wọ́ Tinúadé. Andrew ló bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì pẹ́ kó tó nà ró. Ìyá kò gbá ọmọ létí, kò sì fà á mọ́ra. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀nà tó jìn.

Ìyá àti ọmọ gbé nínú ilé kan náà lọ́jọ́ mélòó kan láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Tinúadé lọ sí Odo-Ape. Boaz ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ohùn nìkan ló fi mọ̀ ọ́n.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí n kórìíra yín?" Tinúadé bi í.

"Ó sàn kí o kórìíra mi ju kí o kórìíra ọmọ rẹ lọ." Boaz fọwọ́ nu ojú. "Má sì yìn mí. Tí ọmọ náà bá sọ pé òun fẹ́, n ò mọ̀ bóyá màá gbà. Moses ni mo ń dì mú. Mo rò pé ọmọ náà ni."

Tinúadé sunkún níbẹ̀ dáadáa. Ó sunkún fún Moses, fún Andrew, fún ọmọ tí kò ní lè bí mọ́, nítorí ó ti kọjá ìgbà náà. Boaz jókòó tì í, kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

Nígbà tó délé, Ìdùnnú ti se ẹ̀bà, ó bò ó. Ìyá jókòó, ó ní, "Wá ká jọ jẹ ẹ́." Ohun tó lè sọ lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Ìdáríjì tó kù ń bọ̀ wá díẹ̀díẹ̀, bóyá títí di òní.

Andrew wá fúnra rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò gbé aṣọ kankan tí wọ́n máa rán dání. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Mo ti ń hu ewú, Tinú. Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

"Ta ló bi ẹ́ léèrè ewú?" Tinúadé ní. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Andrew wọlé, ó dì í mú, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì sáré jáde.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kàbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, èrò kò pọ̀. Ìdùnnú ló mú Boaz lọ́wọ́ wọlé, Boaz ló sì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kó tó wá kí wa." Wọ́n jẹun, wọ́n dúpẹ́. Ìdùnnú dúró ní Kàbà, ó ti gba àyè ní yunifásítì, ó ní òun fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ tó kù nílé bàbá òun.

Ọkọ̀ kọjá Iyah-Gbede, ó kọjá Mopa. Nígbà tí wọ́n dé Ìsánlú, Andrew kò mú un wọlé. Ó mú un yí ilé po lọ sẹ́yìn, níbi tí sàréè kan wà lábẹ́ igi ọsàn, tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́.

"Màmá," Andrew ní, "ìyàwó yín nìyí."

Tinúadé bọ́ bàtà ìgbéyàwó rẹ̀. Nínú aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ìyàwó tuntun ṣe ń kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ, ó tẹrí ba, ó kí obìnrin tí kò rí rí.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "Ẹ má bínú pé ó pẹ́ báyìí."

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Andrew na ọwọ́ sí i, ó gbé e dìde, ó gbọn ilẹ̀ kúrò ní orúnkún aṣọ rẹ̀, wọ́n sì wọlé.